Òfin Mẹ́rìndínlógún

Oṣù kìíní ni oòrùn máa ń ya wèrè ní Carmelo.
Ní agogo kan ọ̀sán, ajá gan-an kì í gbó,
odò Uruguay dùbúlẹ̀ bí páànù tuntun,
àwọn ará ìlú ti ti fèrèsé, wọ́n ń sùn.
Èmi àti mọ́tò Wilmar Bentancur la wà níta,
Studebaker tí wọ́n ṣe ní 1950,
imú rẹ̀ yọ ṣóńṣó bí ẹni fẹ́ fò,
àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ń di eérú lórí fẹ́ńdà.

Lẹ́ǹsì bàbá àgbà mi ló wà lọ́rùn mi,
irin àti gíláàsì, kò ní bátìrì, kò ní ọpọlọ.
Bí o kò bá yí i, kò ní yí.
Nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i lára ti ń pa rẹ́,
ọ̀rá àtijọ́ inú rẹ̀ ń yọ́ nínú ooru,
ó wá ń yí lọ́wọ́ mi bí ẹni ń fi ìka ro oyin.

Bàbá àgbà kò kàwé púpọ̀. Aago ló ń tún ṣe.
Òfin kan ló fi lé mi lọ́wọ́:
"Nibia, bí etí òjìji bá ti mú bí ọ̀bẹ,
yí i sí mẹ́rìndínlógún, má bi oòrùn léèrè."
Ogójì ọdún rèé, n kò bi í rí.

Wilmar jókòó sábẹ́ àjàrà,
ó ń fi ọ̀pá irin tín-ín-rín fa máté mu nínú ahá.
"Mọ́tò ni kí o yà. Má yà mí.
Ọ̀dà tèmi ti bó, wọn kò sì ta irú rẹ̀ mọ́."
Mo ní ó dáa.
Mo ya iná iwájú, ojú ẹja tí kò tíì kú.
Mo ya ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí àtẹ́lẹwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán.
Mo ya ibi tó tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́;
ó ní màlúù ló kọlù ú ní 1973,
pé títí dòní màlúù náà kò tọrọ àforíjì.

Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú bọ́ńpà
(kóńkéré jó mi lórúnkún, mo ṣépè)
ni mo rí i:
Carmelo wà nínú irin yẹn, ó tẹ̀ kọrọdọ,
ilé mẹ́rin, igi kan, èmi bíi kòkòrò tó dé fìlà,
àti lẹ́yìn mi, ọkùnrin kan tó gbé ahá dání
tó ń wo mọ́tò rẹ̀
bí a ṣe ń wo ẹni tó ń sùn.

Mo kọ́kọ́ fi òfin yà á.
Irin hàn, ìpẹtà hàn,
gbogbo ìlà tí iyanrìn ti fà sára bọ́ńpà hàn kedere.
Wọ́n jọ pariwo, Wilmar sọnù sínú ariwo náà.
Mẹ́rìndínlógún kì í yan ẹnikẹ́ni láàyò.

Ẹni tó wà nínú jígí kò sí lójú jígí.
Ó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́.
Lẹ́ǹsì tó ń fúnra rẹ̀ wá nǹkan ì bá ti dì mọ́ ojú irin,
kó máa yangàn pé òun ti rí i.
Eléyìí kò mọ nǹkan kan. Ó dúró dè mí.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òkú.
Mo ṣí ojú lẹ́ǹsì láti mẹ́rìndínlógún wá sí méjì,
kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́,
bí ẹni ń ka owó tí kì í ṣe tirẹ̀.
Mo lé kámẹ́rà dé ibi tí eré rẹ̀ mọ,
mo fi fìlà ṣíji bò ó, òógùn wọ̀ mí lójú,
mo yí òrùka náà díẹ̀, díẹ̀ sí i, ìwọ̀n irun kan.
Ìpẹtà yọ́. Ìlà iyanrìn yọ́.
Ọkùnrin náà bọ́ síta.

Pá.

Mo gbé e lọ hàn án lábẹ́ àjàrà.
Ó mú un súnmọ́ imú, ó mú un jìnnà.
Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu.
"Imú mi kò tóbi tó yìí," ló wí.
Ó bu omi gbígbóná sí máté, ó nà án sí mi.
Nígbà tó yá, ó ní kí n fi ibi tó tẹ̀ yẹn, ti màlúù,
ránṣẹ́ sí ọmọ òun ní Rosario.
Ó ní ìyẹn ló jọ òun jù.